Ìbà fún Ẹni Tí Kò Kọ́ Mi

"Ẹ tún un pè, mà," ni Ọ̀gbẹ́ni Adéwùsì wí.

Fadérera tún un pè. Ètè rẹ̀ mì, ahọ́n rẹ̀ kan èrìgì, àyà rẹ̀ gbé èémí sókè bó ti yẹ, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò jáde. Ẹ̀gbà fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́fun, ẹ̀rọ tí òfin ní kó máa gbé ohùn jáde ní gbangba, ti gbé e mì, ó gbé e mì tónítóní bí òkèlè tí kò ní egungun nínú. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ jáde, èyí tó tẹ̀lé e náà jáde, àlàfo kan ṣoṣo ló kù láàárín bí eyín tó ká.

"Mo júbà ... tó kọ́ mi lóhùn."

"Ẹ ṣeun, mà." Inú Ọ̀gbẹ́ni Adéwùsì dùn bí inú télọ̀ tí aṣọ rẹ̀ ba oníbàárà mu. "Ẹ̀gbà yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

Ọ̀gbẹ́ni yìí tó ọmọ ogójì ọdún, akọ̀wé àgbà ni ní Ọ́fíìsì Ìmísí ti ìlú Òkè-Méje, ọmọlúàbí sì ni, torí ó máa ń tọrọ gáfárà kó tó fún ènìyàn lọ́rùn. Àwo Ìmísí tirẹ̀ ń tàn láyà rẹ̀, bí ti gbogbo ará ìlú ti ń tàn láyà wọn láti ọdún mẹ́tàdínlógójì tí òfin ti dé. Ìlà mẹ́ta ló wà lára rẹ̀: olórin tó mí sí ọ, eré tó mí sí ọ, ìjà tí ò ń jà fún aráyé. Lórí ìlà eré, Ọ̀gbẹ́ni Adéwùsì kọ "Ìpàdé Ọdọọdún ti Ọ́fíìsì Ìmísí." Ó sì dàbí ẹni pé òótọ́ ni.

"Orúkọ tó máa ṣáájú ni ti Olóyè Ládẹ̀jọbí," ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ gbọ̀ngàn wọn là ń ṣí lónìí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè júbà ẹnikẹ́ni tó bá ti wà nínú Ìwé Ìmísí. Orúkọ tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀gbà kò ní gbé e jáde."

"Kí ni Olóyè Ládẹ̀jọbí kọ́ mi?"

"Àwọn ló mí sí yín, mà."

"Èmi? Níbo la ti pàdé?"

Ó wo gíláàsì pẹlẹbẹ tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ní ọdún tí ẹ pé mọ́kànlélógún, ẹ gba àpò ìrẹsì kan níbi ọjọ́ ìbí Olóyè. Àwòrán wọn wà lára àpò náà. Ẹ tẹjú mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn ìyẹn tí ẹ kéwì ní gbangba fún ìgbà àkọ́kọ́."

"Mò ń wò ó bóyá kòkòrò ti wọ ìrẹsì náà ni!"

"Ẹ̀rọ kì í bèèrè ìdí tí ènìyàn fi wo nǹkan, mà. Bí ó ṣe pẹ́ tó ló ń kà."

Fadérera jókòó. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ló ti lò láyé, ó ti fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kéwì kiri òkè mẹ́ta nínú méje, ìrẹsì tó jẹ nígbà ọ̀dọ́ ni wọ́n wá ń fi pè é ní ọmọ ẹlòmíràn. Ìrẹsì náà kò tilẹ̀ dùn. Òkúta pọ̀ nínú rẹ̀ ju àánú lọ.

"Bí n kò bá pè é ńkọ́?"

"Ha! Kò sẹ́ni tó ń fipá mú yín o, mà. Ìmísí kì í ṣe túláàsì." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀gbà yín á kàn kú ni. Ti àwọn elégbè yín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà á kú. Títí ayé ni. Ẹ ó ṣì lè máa kéwì nínú yàrá yín bó bá ṣe wù yín."

"Bí mo bá sì bọ́ ọ, tí mo fi ohùn ara mi kéwì?"

Ojú ti Ọ̀gbẹ́ni Adéwùsì débi tó fi wo ilẹ̀. "Ohùn ìhòòhò? Ní gbangba? Ìyá Akéwì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ létí mi." Ó tẹrí ba, ó jáde.

Ibi tí ó ti jáde ni Lápàdé gbà wọlé, ẹ̀pà sísun lọ́wọ́ rẹ̀ kan. Òun ni olórí elégbè, ó fi ọdún mẹ́jọ ju Fadérera lọ, kò sì sí ohun tí ojú rẹ̀ kò tíì rí nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì bò ó.

"Fadérera, gbọ́. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní ìpara kan ló mí sí mi. Ìpara! Mo dúró níwájú ogunlọ́gọ̀, mo ní mo júbà ìpara. Ṣé mo kú?"

"Ẹ ò kú, Bọ̀dá Lápàdé. Ara yín kàn ń dán ni."

"Rẹ́rìn-ín. Àwa tí a wà lẹ́yìn ẹ kò rí ẹ̀rín rín. Tí ẹ̀gbà Sùúrù tá a jọ ń gbè bá kú lónìí, kí ló fẹ́ máa fi ẹnu ẹ̀ ṣe? Kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Èmi náà kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Orúkọ lásán ni. Kó o pè é, kó o tu itọ́, ká máa lọ."

"Ìbà ni, kì í ṣe orúkọ."

"Mo mọ̀ pé ìbà ni."

"Ta ló kọ́ yín pé a máa ń kéwì ká tó júbà ẹni tó kọ́ wa?"

Lápàdé ju ẹ̀pà kan sẹ́nu, ó rún un pẹ́. "Ẹni tó kọ́ ẹ náà ni," ó ní níkẹyìn. "Àmọ́ ó ti kú. Àwa kò tíì kú."

Kò sí irọ́ nínú ohun tó wí, ìyẹn ló sì bí Fadérera nínú jù.

Àárín orúnkún Àyọ̀ká Onídìrí ni ó ti kọ́ ewì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà, wọ́n ti orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín itan méjì tó ń rùn fún àdí, òòyà igi ń fà á lórí ya, obìnrin náà sì ń ké ewì lókè rẹ̀. Àyọ̀ká kì í ki ọba, kì í ki olówó. Orí tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń kì. Orí ẹni tí ọkọ kọ̀, ó ń kì í. Orí ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ó ń kì í títí ọmọ náà á fi rò pé àwọn olùkọ́ ló fìdí rẹmi. Bí o bá sunkún pé òòyà ń dùn ọ́, yóò mú ẹkún rẹ, yóò fi ṣe ègbè. Ibẹ̀ ni Fadérera ti mọ̀ pé ohun tó ń dun ènìyàn lè ní ìlù nínú.

Àyọ̀ká náà ló tún fi ìjà hàn án. Ní ọdún tí ilé-iṣẹ́ Olóyè Ládẹ̀jọbí gba ẹ̀rọ omi Òkè Kẹrin, wọ́n ṣe é tó fi jẹ́ pé ẹni tí orúkọ Olóyè bá wà lórí Àwo rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ yóò máa da omi fún. Àyọ̀ká gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí ẹnu ibodè ilé-iṣẹ́ náà, ibi tí ọkọ̀ ń gbà wọlé gan-an, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ dìrí wá. Wọ́n wá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dé, wọ́n ní kí wọ́n dìde. Àyọ̀ká gbójú sókè, ó ní, "Ẹ kò rí i pé mo dì í dé ààbọ̀ ni? Níbo ni wọ́n ti bí yín, tí wọ́n ti ń gbé orí ààbọ̀ kúrò nílẹ̀?"

Àwọn ẹ̀ṣọ́ wo ara wọn. Ìyá ló bí àwọn náà. Kò sí ọkùnrin kan nínú wọn tó lè fa obìnrin tó di irun dé ààbọ̀ gba títì kọjá lójú ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ní àwọn á dúró kó parí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Àyọ̀ká fi di irun níbẹ̀, kò sì parí orí kan. Bí ó bá ku ìlà mẹ́ta, á fi orí náà sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ní ọjọ́ kẹwàá, ẹ̀rọ ń da omi fún gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ kọkànlá, wọ́n yọ orúkọ Àyọ̀ká kúrò nínú Ìwé Ìmísí. Ó tún lo ọdún mẹ́rin láyé lẹ́yìn náà, ẹ̀rù kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é lórúkọ níta mọ́, wọ́n ń pè é ní "Ìyá Yẹn." Nígbà tó kú, àlùfáà so ẹ̀gbà mọ́ ọrùn bí òfin ti wí, ó sì fi iyẹ̀pẹ̀ bo ẹni tí kò lè dárúkọ. Àlàfo ni wọ́n sin.

"Ó ti tó àkókò, mà," ni Ọ̀gbẹ́ni Adéwùsì wí lẹ́nu ọ̀nà.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí aráyé ń pè ní ìmísí, kó wá wo àyà àwọn èèyàn Òkè-Méje ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Alápatà kan jókòó síwájú, "Ìfẹ́ Ẹranko" ń kọ mànà láyà rẹ̀. Ìyàwó kọmíṣọ́nnà kan fi ìjà mẹ́fà sórí ìlà tó yẹ kó gba ẹyọ kan, wọ́n ṣe é wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà, òun fúnra rẹ̀ sì ń gbàgbé èkẹrin. Ọkùnrin kan tí eré rẹ̀ jẹ́ "Ijó Àwọn Ará Àtijọ́" ti sùn kí ijó tó bẹ̀rẹ̀.

Olóyè Ládẹ̀jọbí ni olórí gbogbo wọn. Wọ́n ń pè é ní Baba Ìmísí Gbogbo Ìlú, oyè tí ó fi ara rẹ̀ jẹ nígbà tí kò rí ẹni tó tètè ronú kàn án. Ní ìlà olórin, òun fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, torí ó gbé àwo orin kan jáde nígbà tó pé ọgọ́ta ọdún. Ní ìlà eré, eré ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni. Ní ìlà ìjà, wọ́n fi wúrà kọ ọ́ ní lẹ́tà tí afọ́jú lè kà: "Ìrẹ̀lẹ̀."

Fadérera dúró. Lápàdé àti àwọn elégbè tò sẹ́yìn rẹ̀. Bó ti ń rìn bọ̀ lọ́nà ló ti ro ohun kan, ó sì rò ó pé ó gbọ́n. Ẹ̀gbà kò mọ ju orúkọ lọ. Kò mọ èébú yàtọ̀ sí oríkì. Ó ṣíjú wo Olóyè, ó ju ohùn sókè:

"Mo júbà Olóyè Ládẹ̀jọbí,
Ẹni tó rí omi tó ń ṣàn, tó ní kó dúró kí òun.
Ó rí ẹnu tó gbẹ, ó ní kó kọ́kọ́ kọrin òun.
Bí ìwọ kò bá ti ilẹ̀kùn omi,
Ta ni ì bá mọ̀ pé obìnrin lè jókòó kó di òkè?
Ìkarahun tó ní òun ló kọ́ ìgbín nírìn!
Ewé orí igi tó ní òun ló ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún afẹ́fẹ́!
Mo júbà rẹ o.
Ohun tí o kò fún mi ló sọ mí di akéwì."

"Ìbà o, Baba, ìbà!" ni àwọn elégbè gbè. Ohùn Lápàdé ń gbọ̀n, torí ẹ̀rín ló ń pa á lọ.

Àwọn obìnrin kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì tètè fi gèlè bo ẹnu. Ojú gbogbo ènìyàn yí sí Olóyè. Fadérera náà ń wò ó, ó ń dúró de ìgbà tí ọ̀rọ̀ yóò wọ̀ ọ́ lára.

Olóyè Ládẹ̀jọbí dìde. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Wọ́n mọ̀ mí!" ó kígbe. "Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe pè mí ní ìkarahun! Ìkarahun le! Ààbò ni! Ẹ wò ó, èmi gan-an kò mọ̀ pé èmi ni mo ń fẹ́ afẹ́fẹ́!" Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó jó yípo lẹ́ẹ̀mejì, alápatà náà sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. "Adéwùsì! Kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọ̀la lọ, gbogbo ọmọ iléèwé Òkè-Méje ni yóò máa ké e láràárọ̀. Òkè Kẹrin ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn akéwì yìí náà ni kí wọ́n máa gbọ́."

"Ó ti wọlé, sà," ni Ọ̀gbẹ́ni Adéwùsì dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ pèpéle. "Ẹ̀rọ ní ìmísí rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún."

Fadérera dúró gbagidi. Òkò tó sọ lu ọkùnrin náà, ó ti fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Láti ọ̀la lọ, àwọn ọmọ tí ìyá wọn jókòó lórí títì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nítorí omi yóò máa jí, wọn yóò sì máa júbà ẹni tó ti omi pa. Ohùn tí Àyọ̀ká fi òòyà fà wọ inú Fadérera ni wọn yóò sì fi máa júbà rẹ̀. Ọgbọ́n àgbọ́njù! Àbí kí la ó tún pè é? Fadérera fẹ́ bú ènìyàn láìjẹ́ kí ẹ̀gbà kú. Ó fẹ́ jẹ iyán, kí iyán sì wà nínú àwo. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe náà ló ṣe, ó kàn fi ẹwà kún un fún wọn ni.

Ó gbọ́wọ́ sókè sí ọrùn.

"Fadérera, má ṣe é," ni Lápàdé sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Jọ̀ọ́. Àwa mẹ́fà la wà lẹ́yìn ẹ."

Ó bojú wẹ̀yìn. Ó rí Sùúrù, tó ti fẹ́ sunkún. Ó rí Lápàdé. "Ẹ dárí jì mí," ó ní, ó sì já ẹ̀gbà náà.

Àwọn ènìyàn mí kanlẹ̀. Ìyàwó kọmíṣọ́nnà fi abẹ̀bẹ̀ bojú, àmọ́ ó ń yọjú láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fadérera gbé èémí sínú, ó sì kéwì. Ó ti pẹ́ tí kò ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú ilé ńlá; ó kéré, ó há, kò kọjá ìlà àga kẹta.

"Mo júbà Àyọ̀ká Onídìrí, tó kọ́ mi lóhùn."

"Kí ló wí?" ni ẹnìkan bèèrè ní ìlà kẹrin.

"Ó ní Àyọ̀ká."

"Àyọ̀ká wo?"

"Ìyá Yẹn! Ìyá Yẹn tó dìrí lẹ́nu ẹ̀rọ omi!"

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ń ti ìlà kan bọ́ sí òmíràn, etí dé etí, bí ẹni ń gbé garawa omi lọ síbi iná. Olóyè na ọrùn sí ẹni tó jókòó tì í. "Ta ni wọ́n pè yẹn? Ṣé wọ́n tún pè mí ni?"

"Orí ẹ burú, Fadérera," ni Lápàdé wí. Ó gbàgbé pé ẹ̀gbà tirẹ̀ ṣì wà láàyè, gbohùngbohùn sì gbé e dé gbogbo kọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn: orí ẹ burú, Fadérera. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ìbà ti jáde lẹ́nu akéwì, kò sì sí elégbè tí ìyá bí dáadáa tó lè jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ láìgbè é. Ó já ẹ̀gbà rẹ̀ jù sílẹ̀ pẹ̀lú èpè, ó gbé ohùn ògbólógbòó rẹ̀ sókè.

"Ìbà o, Àyọ̀ká, ìbà!"

Sùúrù gbè é. Àwọn mẹ́rin yòókù gbè é.

Ọ̀gbẹ́ni Adéwùsì ti gun pèpéle, gíláàsì rẹ̀ lọ́wọ́, òógùn lójú. "Mà, ẹ ti rú òfin. Ẹ dárúkọ ẹni tí kò sí nínú Ìwé. Mo ní láti kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀."

"Kọ ọ́."

Ó tẹ gíláàsì. Ó dúró. Ó tún un tẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ó ní kí n kọ orúkọ tí ẹ pè."

"O ti gbọ́ ọ. Àyọ̀ká Onídìrí ni."

"Mà, kò sí nínú Ìwé."

"Torí náà ni mo ṣe ṣẹ̀."

"Bí n kò bá kọ ọ́, ẹ kò ṣẹ̀. Bí mo bá sì kọ ọ́, ó wọ Ìwé nìyẹn." Ó rọra tẹ "ẹnìkan" sínú rẹ̀. Gíláàsì pọ́n bí ojú ẹyẹlé, ó ní orúkọ kò pé. Ó tẹ "Ìyá Yẹn." Orúkọ kò pé.

"Adéwùsì!" Olóyè ti mọ̀ níkẹyìn pé òun kọ́ ni wọ́n pè. "Kí lò ń wò? Kọ ẹ̀sùn obìnrin yẹn sílẹ̀! Kọ gbogbo ẹ̀!"

Ọ̀gbẹ́ni Adéwùsì tẹrí ba fún Olóyè. Ó tẹrí ba fún Fadérera náà, torí ọmọlúàbí ni. Ó sì fi ìka kan ṣoṣo kọ ọ́, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì, bí ẹni ń rìn lórí yìnyín. Gíláàsì gbà á. Kò kọ̀, kò pọ́n. Ó ṣí ojú ìwé tuntun bó ti máa ń ṣí i fún gbogbo ẹni tó bá wọ inú Ìwé, ó sì béèrè ohun tó máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Adéwùsì gbé ojú sókè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Kí ni iṣẹ́ wọn, mà?"

Fadérera fa àga kan, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀.

"Wọ́n ń dìrí," ó ní. "Máa kọ ọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀."